Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn?

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì sọ ọ́ di igi? Àwa ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Àbíkẹ́yìn, àbúrò rẹ, ní kí n kí ọ. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹta. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí omi pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́, Àbíkẹ́yìn náà ò sì yé wá sí ilé iṣẹ́ fóòmù wa wá rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ìjókòó ilé ń sú òun.

Mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ bá ọ rò. Lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, ìlà mẹ́jọ péré! Mo kà á tán, mo tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ìyókù wà níbẹ̀. "Bàbá, iṣẹ́ ń lọ dáadáa." Iṣẹ́ wo? Àwọn èèyàn ń bi mí, mi ò rí èsì fún wọn. Mo sọ fún Aláwàdà, aránṣọ tó máa ń jókòó ti Àbíkẹ́yìn, pé o ń bá àwọn òyìnbó to ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Onílẹ̀kùn, ṣé ọ̀rọ̀ wọn tú ká ni?" Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín náà, àmọ́ mo rí eyín wọn.

Etí mi ṣì wà bó ṣe wà. Ọdún méjìlélógún nídìí ẹ̀rọ tó ń gé fóòmù kì í ṣe eré. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé mi kúrò níbẹ̀ wá sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ̀rọ ti jẹ etí mi tán. Ìdí nìyẹn tí tẹlifóònù ò fi wúlò láàárín wa. Máa kọ lẹ́tà rẹ sí àpótí ilé iṣẹ́ bó o ṣe ń ṣe. Akọ̀wé ló ń pín in. Ó fẹ́ràn sítáǹbù ìlú ibẹ̀ yẹn lọ́pọ̀lọpọ̀. Kó tó gbé lẹ́tà fún mi, ó ti fi àlùmọ́gàjí gé igun rẹ̀ lọ. Mo ní kó máa mú un, kí ni mo fẹ́ fi sítáǹbù ṣe? Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í kọjá lára mi kó má kí mi.

Sọ iṣẹ́ tó ò ń ṣe fún mi, kó yé mi yékéyéké. Má fi ìlà mẹ́jọ tàn mí.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àmójútó Àbíkẹ́yìn. Ẹ má bínú sí mi nítorí ìlà mẹ́jọ. Ikọ́ kan ló ń bá mi fà á láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbí kí wọ́n má baà ní kí n jókòó sílé. Ẹ̀yin nìkan ni mo ń sọ fún. Ẹ má sọ fún Àbíkẹ́yìn, ẹ mọ̀ pé ẹkún ò jìnnà sójú ẹ̀.

Ó dáa, iṣẹ́ mi rèé. Yàrá kan ni, tábìlì mẹ́fà, kọ̀ǹpútà mẹ́fà, fèrèsé kan tí kì í ṣí. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ máa lóye Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ ò sì mọ nǹkan kan tí èèyàn ò bá kọ́ ọ. Gbólóhùn kan á yọ sójú mi, màá wá ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú ẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní "run". Èèyàn ń "run", ó ń sáré nìyẹn. Omi ń "run", ó ń ṣàn. Ẹ̀rọ ń "run", ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ń "run" ilé iṣẹ́, òun ló ń darí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Bàbá! Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó to gbogbo ìtumọ̀ yìí sílẹ̀, tó fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Màá mú èyí tó bá gbólóhùn náà mu. Lẹ́yìn ìyẹn, màá wá fi àmì sára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó ṣe é, òdo ni àmì tiẹ̀. Ẹni tàbí ohun tí wọ́n ṣe é sí, oókan. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ní tiẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe é, ìgbà tí wọ́n ṣe é, ìdí tí wọ́n fi ṣe é, gbogbo ẹ̀ ló ní àmì.

Èèyàn méjì ló ń ṣe gbólóhùn kan náà, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ yọjú wo ti ẹnì kejì. Bí tiwa bá yàtọ̀, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin àgbà kan tí a ń pè ní Onílàjà. Òfin kan wà tó máa ń lu tábìlì lé lórí: ohun tí gbólóhùn ò bá sọ, ẹ má bá a sọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé fèrèsé fọ́, tí wọn ò sọ ẹni tó fọ́ ọ, àyè ẹni yẹn gbọ́dọ̀ ṣófo, kódà bí òkúta bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e.

Òfin yẹn ló ń dá mi lóró. Ẹ mọ̀ mí láti kékeré, mi ò lè rí ihò kí n má ki ìka bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Onílàjà ti dá iṣẹ́ mi padà lóṣù yìí. Ó ní, "Ta ló bi ọ́?"

Etí yín ńkọ́? Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ ti ń sọ ọ́ láti ọdún tó kọjá.

Èmi, àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

Lẹ́tà rẹ dé, igun rẹ̀ ti lọ, inú rẹ̀ pé. O ṣeun. Irú èyí ni mò ń sọ. Fi oyin sómi gbígbóná fún ikọ́ náà, kí o sì máa bo àyà.

Ẹ̀n-ẹ́n, nítorí náà ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ni òdo! Mo sọ ọ́ fún wọn níbi iṣẹ́, Aláwàdà ní àwọn òyìnbó yẹn mọ ilé iṣẹ́ wa dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àmì sí gbogbo nǹkan. Àbíkẹ́yìn bu omi: Àbíkẹ́yìn, òdo, omi, oókan. Igbá tó fi bù ú, mi ò mọ nọ́ńbà tiẹ̀.

Ìbéèrè kan wá ta mí. Agogo méjì ọ̀sán lójoojúmọ́ ni mò ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí mò ń fi àgádágodo kọ́ ọ títí di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Ọ̀gá Pátápátá ló ní kí n máa tì í. Ó ní ibẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ń gbé àjákù fóòmù gbà. Kò kọ ọ́ síwèé o, ẹnu ló fi sọ ọ́, ó di ọdún mọ́kànlá báyìí. Ẹnu tiẹ̀, ọwọ́ tèmi. Ta ni òdo? Bi Onílàjà yín bá mi. Aláwàdà kórìíra àgádágodo yẹn, ó ní lọ́jọ́ tí inú bá run òun, orí òrùlé lòun máa gbà jáde. Èmi náà, kí n má parọ́ fún ọ, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo bá kọ́ ọ tán, màá tún padà lọ fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ̀dí.

Ti etí, wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Odindi ọjọ́ ni wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì fún mi ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ilé iṣẹ́ kì í fún èèyàn láyè, ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ ti lọ nìyẹn. Àmọ́ ọgbọ́n ò lè tán nínú àgbà. Màá fọwọ́ síwèé láàárọ̀, màá sì yọ́ jáde. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ àdírẹ́sì ilé ìwòsàn náà sẹ́yìn ìwé yìí, kí o lè mọ ibi tí etí bàbá rẹ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ, òdo.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ tètè fi èyí ránṣẹ́ kí wọ́n tó ti ilé ìfìwéránṣẹ́.

Mo bi Onílàjà ní ìbéèrè yín. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, mo ti mọ̀ pé ìbéèrè náà dùn mọ́ ọn. Ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan. "Pàṣẹ" ní ẹni tiẹ̀, "tì" ní ẹni tiẹ̀. Ọ̀gá yín ló pàṣẹ, ẹ̀yin lẹ tì í. Òdo méjì. Kò sí èyí tó lè fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì.

Àmọ́ ó ní èyí tó bá wà nínú ìwé nìkan lòun mọ̀. Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò ní kí ọ̀gá náà kọ ọ́ sílẹ̀? Ọdún mọ́kànlá! Ẹ lọ ní kó kọ ọ́. Kò dáa kí ọwọ́ yín nìkan wà níbẹ̀.

Ikọ́ ti ń fúyẹ́ díẹ̀. Etí ńkọ́?

Èmi, àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Àkọ́bí mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Àbúrò rẹ yè. Èmi náà yè. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ sọ.

Iná jó ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá, nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́ta lù. Wáyà kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń kó fóòmù sí. Fóòmù kì í jó bí igi, èéfín dúdú ló máa ń tú, tó ń wọ́ nílẹ̀. Aláàbójútó sáré gba iwájú jáde. Akọ̀wé kó àwọn ìwé ẹ̀ jáde, àmọ́ iná ò dé ọ́fíìsì ẹ̀ níwájú. Àbíkẹ́yìn ti lọ gba òwú níwájú, òun ló figbe ta. Àwọn aránṣọ sáré lọ sẹ́yìn torí ibẹ̀ ló sún mọ́ wọn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì. Àwọn kan fi àga fọ́ fèrèsé, wọ́n bẹ́. Aláwàdà ò jáde. Ìyá Ìbejì, èyí tó ń rán etí bẹ́ẹ̀dì, òun náà ò jáde.

Aláwàdà kú, ọmọ mi. Ọdún mẹ́sàn-án la jọ wà níbẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí, ẹnu ẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo fi ń mọ ohun tó sọ. Ó dùn mí dé egungun.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí ti jókòó. Torí etí mi, wọ́n ń kọ ìbéèrè sínú ìwé fún mi. Mo ti sọ tèmi: pé èmi ni onílẹ̀kùn, pé ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé láti ọdún mọ́kànlá, pé Ọ̀gá Pátápátá ló ní kí n máa tì í. Ọ̀gá ní irọ́ ni, òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kò síwèé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni ìgbìmọ̀ dì mú. Bó bá dúró, èmi àti ọ̀gá la jọ máa jẹ ìyà ẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀, mi ò bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ orí mi. Bó bá ṣubú, ọ̀gá á lọ sílé lọ jẹun, Aláwàdà á sì kú gbé. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin ni wọ́n máa pè mí fún ìkẹyìn.

Má da ara rẹ láàmú. Tọ́jú àyà rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àdánù Aláwàdà, ẹ kú ti Ìyá Ìbejì. Mo ké, mo ké títí Onílàjà fi ní kí n máa lọ sílé. Ọlọ́run á tu àwọn ọmọ wọn nínú.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi kí ẹ tó bínú. Mo ti ka lẹ́tà yín tó ogún ìgbà. Bí mo ṣe ń ka gbólóhùn níbi iṣẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mi ò lè dá ojú mi dúró mọ́. Wáyà ló bẹ̀rẹ̀ iná. Aláàbójútó ló sáré. Akọ̀wé ló kó ìwé. Àbíkẹ́yìn ló figbe ta. Gbogbo ẹ̀ ló ní ẹni tó ṣe é, kódà wáyà. Ó wá ku ilẹ̀kùn nìkan. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì." Bàbá tèmi, tó máa ń kọ orúkọ ẹni tó bu omi mu! Kí ló dé tí àyè kan yẹn fi ṣófo?

Mo wá lọ mú lẹ́tà oṣù kejì. Ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé ìwòsàn etí lẹ wà lọ́jọ́ yẹn. Odindi ọjọ́, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Nínú lẹ́tà iná, ẹ ò dárúkọ etí, ẹ ò dárúkọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ẹ ò sí nídìí ilẹ̀kùn ní agogo méjì. Ẹlòmíì ló tì í. Ta lẹ sì lè gbé kọ́kọ́rọ́ ọrùn yín fún, bí kò ṣe Àbíkẹ́yìn? Òun ló tì í bí ẹ ṣe ní kó tì í, ó kó kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ gba òwú níwájú. Ẹ̀yin wá ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ pọ̀n.

Ó yé mi ìdí. Ó lóyún, ẹ̀yin ni bàbá. Àmọ́ ẹ ò lè ru èyí. Ìyá wa ti lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ pé inú ẹ̀wọ̀n lẹ kú sí fún ohun tí ọwọ́ yín ò ṣe. Ẹ sọ òtítọ́. Ìgbìmọ̀ máa ṣàánú aboyún tó tẹ̀ lé àṣẹ. Ẹ dá mi lóhùn ní kíá, ẹ má fi mí sínú òkùnkùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Èmi, àkọ́bí yín tó ń bẹ̀ yín lórí ìkúnlẹ̀.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Àkọ́bí mi,

Àná ni lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹta dé, èyí tó o fi bi Onílàjà. Òdo méjì. Mo rẹ́rìn-ín, láti ìgbà iná ni mi ò ti rẹ́rìn-ín. Igun ẹ̀ lọ bí ìṣe ẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì náà dà bí èyí tí wọ́n tún fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Òjò ló pa á lọ́nà bóyá.

Akọ̀wé wá kí mi nílé. Ó mú ọsàn wá. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ó ń kọ ọ̀rọ̀ síwèé fún mi, jẹ́jẹ́ bí ìṣe ẹ̀. Ó ní kí n yọ orúkọ Ọ̀gá kúrò nínú ẹjọ́, pé ó máa dáa fún ẹbí mi. Mo ní rárá. Kò bínú. Ó ní kí n kí ọ, ó ní ṣé ikọ́ rẹ ti lọ. Mo dáhùn pé ó ti ń fúyẹ́. Ìgbà tó lọ tán ni mo wá ń ronú: nígbà wo ni mo sọ fún un? Ẹnu mi náà ti ń jò báyìí. Etí dí, ẹnu ń jò, kí ló kù?

Àbíkẹ́yìn kì í sùn dáadáa. Ó kàn máa ń ká ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ikùn.

Ọmọ mi, mo mọ orí tí mo bí sí ọ lára. Mo mọ̀ pé o ti ka lẹ́tà iná mi, o sì ti rí ibi tó ṣófo níbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́ bí bàbá. Má kọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi pé ohun tí gbólóhùn ò bá sọ, kí èèyàn má bá a sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Òní ni lẹ́tà yín dé. Mo gbé! Mo ti kọ tèmi, Bàbá. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi í ránṣẹ́. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ síbẹ̀, ọjọ́, ilé ìwòsàn, kọ́kọ́rọ́, Àbíkẹ́yìn.

Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ ikọ́ fún akọ̀wé. Ẹnu yín ò jò. Inú lẹ́tà nìkan ni mo ti sọ ọ́. Kì í ṣe sítáǹbù ni ọkùnrin yẹn ń wá.

Àbíkẹ́yìn ò ní tẹlifóònù. Mo wá nọ́ńbà ilé ìwòsàn etí kiri, mi ò rí i. Ni mo bá pe ti ilé iṣẹ́, mo ní bóyá alágbàṣe kan á gbé e, kó sáré pe Àbíkẹ́yìn fún mi. Ohùn ọkùnrin ló dáhùn. Mi ò tíì sọ orúkọ, mo kàn ní "ẹ káàsán", ikọ́ sì gbé mi. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, àkọ́bí. Ṣebí wọ́n ní kí o máa bo àyà?" Mo já tẹlifóònù sílẹ̀.

Bàbá, ìmọ̀ràn oyin àti àyà yẹn, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí mi, ẹ̀yin lẹ gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Àbí akọ̀wé lẹ máa ń fún?

Ẹ lọ sídìí àpótí yẹn kó tó débẹ̀. Ẹ dúró tì í láàárọ̀. Bí lẹ́tà mi bá dé, ẹ sun ún. Àdírẹ́sì ilé ìwòsàn ni mo kọ èyí sí. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ló kù, mo mọ̀ pé kò lè bá a. Mi ò lè jókòó láìkọ ọ́ ni.

Ẹ dárí jì mí.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Àkọ́bí mi,

Bẹ́ẹ̀ ni, akọ̀wé ni mo máa ń fún. Ó ní ìlà gùn ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kí n má fi ẹsẹ̀ arúgbó dúró. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tí mò ń kọ yìí, èmi fúnra mi ni mo máa gbé e lọ.

Má wulẹ̀ sọ pé lẹ́tà ti oṣù kejì ti tó fún un. Èmi náà ti rò ó. Nínú tèmi, mo ní mo máa yọ́ jáde, mi ò sọ ẹni tó máa gba kọ́kọ́rọ́. Bóyá ó kà á, bóyá kò bìkítà nígbà yẹn torí iná ò tíì jó. Tìrẹ ló so gbogbo ẹ̀ pọ̀ fún wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin, lọ́yà ọ̀gá kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ síwèé, ó tì í sọ́dọ̀ mi: níbo lẹ wà ní agogo méjì? Mo ní ìdí ilẹ̀kùn. Ó wá mú káàdì kan jáde. Àwọ̀ ewé ni káàdì ilé ìwòsàn yẹn, mo dá a mọ̀ kó tó gbé e débẹ̀. Ó kọ ìbéèrè kejì: ta lẹ fún ní kọ́kọ́rọ́? Mo fi bírò sílẹ̀. Mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo wá rí i pé kò sí ẹni tó ń wò mí mọ́, ẹ̀yìn mi ni gbogbo wọn ń wò. Mo yíjú padà. Àbíkẹ́yìn ti dìde, ti òun ti oyún oṣù méje.

Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Wọ́n kọ ọ́ síwèé fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní òun lòun tì í, bàbá òun ló ní ọ̀gá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá. Ó ní rárá. Ó parí síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní ẹni tó parọ́ ibi tó wà, àwọn ò lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀ mú lórí ọ̀gá. Ọ̀gá Pátápátá lọ sílé. Wọ́n mú àbúrò rẹ lọ.

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni akọ̀wé ti bá mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà rẹ fún mi, ó tẹrí ba. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ mi níka.

Mo bínú sí ọ. Mo fẹ́ kó o kà á lọ́wọ́ mi: mo bínú gidigidi. O rí ihò, o ki ìka bọ̀ ọ́. Mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ tó o ní sí mi ló jẹ́ kó o ṣe é, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè bínú tán. Bí mo bá sì fi òótọ́ inú fi àmì sí i, èmi ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, èmi ni mo gbé lẹ́tà lé akọ̀wé lọ́wọ́. Má kọ̀wé sí àpótí yẹn mọ́. Kọ ọ́ sí ilé ìwòsàn. Kọ̀wé sí Àbíkẹ́yìn náà, bi í léèrè ọmọ inú ẹ̀, sọ òtútù ibẹ̀ fún un. Ìyẹn nìkan ni kí o sọ.

Ní àná mo lọ sí ilé ìwòsàn náà. Wọ́n gbé lẹ́tà rẹ kejì fún mi. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ kejìlá yẹn, inú agolo bọ́tìnnì ni mo tọ́jú ẹ̀ sí kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí ìgbà tí mo gbà á. Kò sí ohun tí mò ń fi pamọ́ mọ́, mo mú un dání lọ. Nọ́ọ̀sì bá mi fi í sétí, mo gbọ́ bí bàtà ẹ̀ ṣe ń dún nílẹ̀. Mo fa fìlà bò ó, mo gba ibẹ̀ lọ wo àbúrò rẹ ní àtìmọ́lé.

Ó rù, ojú ẹ̀ wú. Ohùn ẹ̀ rí bíi ti ìyá yín, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó di irin mú, ó ní, "Bàbá, èmi àti ẹ̀yin nìkan la mọ̀. Ta ló sọ fún wọn?"

Ọmọ méjì péré ni mo bí. Mo gbọ́ ọ ketekete, mo gbọ́ bó ṣe mí kó tó bèèrè. Mo fi ọwọ́ sí etí, mo mi orí.

Ó tún un sọ, ó fi ẹnu pè é díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí i, bí Aláwàdà ṣe máa ń ṣe fún mi. Mo ní, "Má bínú, ìyá mi. Mi ò gbọ́."

Èmi ni bàbá rẹ.